Egungun Párì Ìbàdíàrán, àti Ohun Tí Wọn Kò Sọ fún Ìyàwó Ilé

Ẹ má bínú bí ohùn mi bá le nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ gbọ́. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni àwọn ọmọ ilé ìwé girama ti ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ìjerò, tí wọ́n ń bi mí pé, "Màmá, ṣé iṣẹ́ ìtọ́jú eyín dára láti kọ́?" Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ẹ nítorí pé aṣọ rẹ̀ funfun. Mo wò ó títí. Aṣọ funfun! Ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ ni mo fi ọjọ́ ayé mi fọ̀ kúrò lára aṣọ funfun náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ lè mọ ohun tó ń tọrùn bọ̀.

Ọmọ Arámọkọ ni mí, Ìjerò ni mo ti ṣiṣẹ́ jù, Ìpótì ni mo sì fẹ́ ọkọ sí. Bí ìjọba ṣe gbà mí síṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san, mi ò ní fi yọ yín lẹ́nu. Wọ́n gbà mí, owó náà kéré, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó sọ mí di òṣìṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Màmá Fálànà ni a ń pè é. Òun ni àgbà nínú àwa tí a ń tọ́jú eyín ní ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ. Obìnrin kúkúrú ni, kì í rẹ́rìn-ín kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé wọ́n máa fún mi ní ẹ̀mú tí a fi ń yọ eyín. Ọṣẹ ìfọṣọ ló gbé lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré. Ó ní kí n gbẹ́ eyín ẹ̀yìn jáde nínú rẹ̀, kó ní gbòǹgbò, kó sì jọ ti ènìyàn. Mo gbẹ́ ẹ. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Eyín ta nìyí? Ti ewúrẹ́ àbí ti ọ̀bọ?" Ó jù ú sínú garawa, ó ní kí n lọ fi fọ aṣọ mi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọṣẹ ni mo bà jẹ́ kó tó di ọjọ́ kan tí ó mú eyín tí mo gbẹ́, tí ó gbé e sójú fèrèsé kí àwọn yòókù lè rí i. Kò yìn mí. Ó kàn gbé e síbẹ̀ ni, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Inú ìkòkò lórí sítóòfù kẹrosíìnì la ti ń se àwọn irin wa nígbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìdérí kí àkókò tó pé, Màmá Fálànà á ní kí a tún un sè láti ìbẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ pé èrò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo wọn ń di ẹ̀kẹ́ mú tí wọ́n ń kérora. Wọ́n á máa bú wa. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì eléyín yìí, ìkà ni yín." Kò sì yé wọn pé irin tí kò jinná ló ń pa ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó le sí jù lọ ni ìbéèrè. Ó ní, "Ẹnu tí kò bá tíì sọ ohun tí ikùn ń gbé mì, ẹ má fọwọ́ kàn án." Kí a tó yọ eyín ẹnikẹ́ni, a gbọ́dọ̀ bi í nípa àìsàn tó ń ṣe é àti òògùn tó ń lò, ìbáà ṣe èyí tí à ń gbé mì, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́, ìbáà ṣe omi tí wọ́n ń fà síni lára. Ẹni tó bá sì sìn ín wá gbọ́dọ̀ jáde kí a tó bèèrè. Mo rántí àgbẹ̀ kan láti Ìlogbò tó wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. A bi í, ìyàwó ló dáhùn pé ọkọ òun kì í lo nǹkan kan, pé akínkanjú ni. Màmá Fálànà lé obìnrin náà síta. Ó tún bi ọkùnrin náà. Ọkùnrin yìí wo ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òun ń lo òògùn àtọ̀gbẹ, pé ìyàwó òun kò mọ̀. Màmá Fálànà ní, "Ìyàwó rẹ kò mọ̀, èmi mọ̀, ó tán. Lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò kí o tó padà wá." Nígbà tí ó lọ tán, ó kọjú sí mi, ó ní, "Ṣé o rí i? Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọjọ́ tí o kò bá bèèrè, ìwọ lo pa á."

Kì í sì í fẹ́ kí a yára yọ eyín. Bí aláìsàn bá ti jókòó tó ní, "Ẹ ṣáà yọ ọ́ kúrò," á ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ ni òògùn orí fífọ́. Jẹ́ kí n wò ó ná." Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn ni mo ti gbà á. Àwọn tó kọ́ wa nílé ìwé ti kọ́ wa tán, ṣùgbọ́n òun ló lù ú wọ̀ wá lára.

Àwọn irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ tí a kọ́kọ́ fi ń gbẹ́ eyín, ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ bíi ti télọ̀. Ẹsẹ̀ á ro ọ́, aláìsàn á sì máa ranjú mọ́ ọ bí ẹni tó fẹ́ gbá ọ létí. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ti iná mànàmáná dé, pẹ̀lú àga tó ń gbéra sókè fúnra rẹ̀. Gbogbo ìlú wá wò ó. Iná ò wá sí. Wọ́n ra jẹnẹrétọ̀, a ò rí epo rà sí i. Ìkòkò orí sítóòfù lọ, ẹ̀rọ tó ń fi ooru se irin dé, òun náà ń fẹ́ iná. Mo ti fi tọ́ọ̀ṣì, mo ti fi oòrùn ojú fèrèsé, mo sì ti fi iná fóònù ṣiṣẹ́ nínú ẹnu ènìyàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ tàn yín. Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n kó wá tí wọ́n sì kó lọ, ìbéèrè Màmá Fálànà nìkan ni kò bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Ẹ ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe fi irọ́ dá a lóhùn nínú ilé ọkọ mi.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ kò tíì lọ́kọ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ní agboolé tí mo fẹ́ ọkọ sí ní Ìpótì, bí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá dé, Bàbá Tíṣà á kó àwọn ọmọ ilé wọ pálọ̀, á sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Bàbá Tíṣà, òun ni olórí ẹbí, ó sì ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ilé ni àwọn tí wọ́n bí sínú agboolé náà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwa ìyàwó á wà ní ẹ̀yìnkùlé, à ń gún iyán tí wọn yóò jẹ bí ìpàdé bá parí. Bó ti wù kí o pẹ́ níbẹ̀ tó, bí o ti wù kí o bímọ tó, ìyàwó ni ọ́. Mi ò bínú sí i nígbà yẹn. Ìyá mi náà gún iyán tirẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi kan wà tí mo ń pè ní Ìbàdíàrán. Orúkọ tí mo fún un nígbà tí mo dé ilé nìyẹn, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ àbísọ. Ọkọ mi ni mo sì ń pè é lójú ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é. Ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti Ìpótì dé Ayétòrò. Ẹnu rẹ̀ dùn, ohùn rẹ̀ ń dé ìta kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Eyín rẹ̀ le, ó máa ń run egungun adìẹ títí kò fi ní ku nǹkan kan fún ajá. Mo máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ pé, "Ọkọ mi, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ o, ajá yín ń wò yín." Òun á ní, "Kí ajá lọ fẹ́ ọkọ tirẹ̀." Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àbúrò tí ìyá mi bí lọ.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìnrìn àjò lóṣooṣù. Ó ní ọjà ni. Ó rù. Wọ́n ní ààwẹ̀ ló ń gbà nítorí Tèmi, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fẹ́. Ará Ẹ̀fọ̀n ni ọmọkùnrin náà, ìdílé rere ni. Ẹ sì mọ àṣà wa. Kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ ẹni, wọ́n á wádìí ìdílé. Ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé wọn kì í ṣe olè. Láyé ìsinsìnyí, wọ́n ti fi jẹjẹrẹ kún un. Bàbá Tíṣà kó ọmọ ilé wọ pálọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mo wà ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ náà. Mo gún iyán. Ọkọ mi wà nínú pálọ̀. Nígbà tí a délé mo bi í pé kí ni wọ́n sọ, ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni.

Ọdún náà kò tíì parí tí Ìbàdíàrán fi wá bá mi ní ilé ìwòsàn ní Ìjerò. Eyín ńlá tó wà lẹ́yìn nísàlẹ̀ ń dà á láàmú, kò jẹ́ kó sùn. Mo gbé e jókòó. Mo ní kí ẹni tó sìn ín wá jáde. Mo bèèrè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ mi ni.

"Ọkọ mi, àìsàn wo ló ń ṣe yín, òògùn wo lẹ sì ń lò?"

Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan. Ìwọ náà mọ̀."

"Kò sí abẹ́rẹ́? Kò sí omi tí wọ́n ń fà sí yín lára níbikíbi?"

"Éè sí. Ìyàwó, ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù. Eyín ló ń dùn mí, éè ṣe ikùn."

Dókítà eyín wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀, tún bi í. Ohun kan náà ló sọ. Eyín náà ti jẹrà dé ìdí, kò ṣeé tọ́jú ní ilé ìwòsàn tiwa. A yọ ọ́, èmi ni mo mú iná dání. Ó jáde wẹ́rẹ́, kò fọ́, kò ya ẹran. Ó dìde, ó ní, "O ṣé, ìyàwó. N ó gbé iṣu wá fún ọ." Ó gbé iṣu náà wá lóòótọ́.

Ojú ibi tí a ti yọ eyín yẹ kó pa dé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ti Ìbàdíàrán kò pa dé. Nígbà tó padà wá, mo tan iná sínú ẹnu rẹ̀, mo sì rí egungun. Ó wà níta gbangba nínú ẹnu, ó funfun, ó gbẹ, ẹran tó yẹ kó bò ó ti kó ara rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù bà mí. A fọ̀ ọ́, a fún un ní òògùn. Dókítà wa tún bi í bóyá ó ń gba abẹ́rẹ́ kankan tó wà fún egungun, nítorí pé ó mọ àwọn òògùn tó ń ṣe irú èyí. Ó ní rárá. Dókítà ní kí ó lọ ya àwòrán egungun párì ẹ̀kẹ́ rẹ̀ nílùú ńlá, kó sì rí àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ìbàdíàrán ní òun á lọ. Kò lọ. Bàbá Tíṣà ti sọ pé bí a bá tún ń gbé e kiri ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ á dé Ẹ̀fọ̀n.

Ilé ló jókòó sí. Kẹ́míìsì kan ń kó kápúsù fún un, ó ń gbé e mì bí ẹ̀pà. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é, pé wọ́n ti fi àìsàn ránṣẹ́ sí i nítorí kòkó tó ń rà. Àwọn kan gbé òróró àdúrà wá. Ọyún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó gba ara gba awọ jáde. Ètè rẹ̀ nísàlẹ̀ kú, kò mọ̀ bí itọ́ bá ń ṣàn. Ohùn tó ń dé ìta kí ó tó dé di ohùn inú yàrá. Gèlè ló fi ń di ẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí mo bá lọ kí i, á kọjú sógiri. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí a gbé e lọ, wọ́n ní kí n fara balẹ̀. Ẹ gbọ́ mi: èmi tí mo ti ń tọ́jú ẹnu ènìyàn láti ìgbà èwe, wọ́n ní kí n fara balẹ̀! Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọjọ́ kan, ibà mú un, kò lè dìde. Tèmi wà níbi iṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyàwó kí ó wá wẹ ọmọ ilé. Iṣẹ́ ìyàwó nìyẹn, mo lọ. Mo gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wọlé. Ó ní òun á dá wẹ̀, kò lè gbé apá. Ó di aṣọ mú mọ́ àyà, kò ní agbára láti dì í mú pẹ́. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé ọmú kan kò sí. Ojú ọgbẹ́ náà ti pẹ́, ó ti jinná, ó tẹ́jú.

Mo ń da omi sí i lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó, mo ti búra fún ẹ̀gbọ́n. Nítorí Tèmi ni."

"Ọkọ mi, omi wo ni wọ́n ń fà sí yín lára lóṣooṣù?"

"Èyí tó ń mú egungun le ni. Àwọn dókítà ní jẹjẹrẹ náà ti ń yọjú sí egungun ẹ̀yìn mi. Omi yẹn ló jẹ́ kí n ṣì lè máa rìn."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ yàrá náà, omi ọṣẹ rin mí ní ìró. Òògùn náà gan-an ni dókítà wa bèèrè. Ó ń gba egungun ẹ̀yìn là, ṣùgbọ́n bó bá ti pẹ́ lára, egungun párì á lọ́ra láti jinná bí a bá ṣe é léṣe. Bí a bá yọ eyín lára irú egungun bẹ́ẹ̀, ó lè kú. Gbogbo ẹni tó ń gbà á kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbà á gbọ́dọ̀ sọ. Ó gbọ́dọ̀ sọ!

Mo wọ pálọ̀ Bàbá Tíṣà láìkan ilẹ̀kùn. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Mi ò kúnlẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi pé jẹjẹrẹ ni?"

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ? Ọ̀rọ̀ ulé ni."

"Èmi ni mo mú iná tí wọ́n fi wo inú ẹnu rẹ̀ tí wọ́n fi yọ eyín náà! Mo bi í, ó purọ́ fún mi nítorí ẹ̀yin."

"Ìyàwó ni ọ́. A è í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ulé f'ìyàwó. Bí o bá jà lọ́la, tí o sọ ọ́ lójà ńkọ́?"

"Ìgbà wo ni mo jà? Ta ni mo sọ ọ̀rọ̀ yín fún rí? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti sọ àṣírí ara wọn fún mi lórí àga yẹn, ẹ ò gbọ́ ọ̀kan!"

Ọkọ mi dìde, ó dì mí lápá, ó ní kí n má pariwo mọ́ àgbà. Mo já ara mi gbà. Mo bi í níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ṣé ìwọ náà mọ̀?" Ó dorí kodò. A jọ ń sùn lórí ibùsùn kan, ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí n lọ mú ìmọ́lẹ̀ dání. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Èmi ni mo kàn ń gbọ́ hùrùhẹ̀rẹ̀ nínú ilé yẹn, wọn kò jẹ́ kí n mọ kòkòrò tí wọ́n ń jẹ.

Mo gbé Ìbàdíàrán lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, èmi àti Tèmi. A débẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń yanṣẹ́ lódì. Géètì tì. A padà. Egungun ń jẹrà, ìjọba àti òṣìṣẹ́ ń fa ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n jẹ àwọn òṣìṣẹ́ náà lówó, òṣìṣẹ́ lèmi náà, ṣùgbọ́n mo gégùn-ún fún gbogbo wọn lójú ọ̀nà títí a fi dé Ìjerò. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, obìnrin kan tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti párì ló gbà wá. Ó ya àwòrán egungun náà, ó fi hàn mí. Apá ibi tó ti kú yàtọ̀ gedegbe, ìyókù sì ti tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè dá nígbàkígbà. Mo bi í pé ṣé ká máa bú òògùn náà ni. Ó ní rárá, pé òògùn náà ló jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ dúró, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà tó fún un. Ó ní ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n ti yẹ eyín rẹ̀ wò, kí wọ́n tọ́jú èyí tó bà jẹ́, kí wọ́n tó fa omi àkọ́kọ́ sí i lára.

Mo yíjú sí Ìbàdíàrán. "Ṣé wọ́n sọ fún yín níbẹ̀ pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ eyín yín wò?" Ó mi orí. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ẹnikẹ́ni! Àwọn onímọ̀ ń fa òògùn egungun sí ara obìnrin, kò sì sí ẹni tó rántí pé egungun wà ní ẹnu. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́.

Wọ́n fi òògùn dín ọyún náà kù, àwọn dókítà méjèèjì sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, wọ́n sì mú un lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó parí, oníṣẹ́ abẹ náà ṣàlàyé fún èmi àti Tèmi. Ó ní òun la ẹran ìdí eyín, òun gé egungun tó ti kú kúrò, òun sì ń ha á lọ títí òun fi dé ibi tí egungun ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní egungun tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ló wà láàyè. Ó fi irin pẹlẹbẹ di párì náà mú kó má baà dá, ó dán gbogbo etí egungun kó má gún ẹran, ó wá fa ẹran bò ó, ó rán an pinpin. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bí Màmá Fálànà bá wà láyé, ì bá gbé e sójú fèrèsé.

Ọrùn ni mo ń bojú wò nígbà tí wọ́n gbé e jáde, bóyá ó ń mí. Rọ́bà ni wọ́n fi ń fún un lóúnjẹ gba imú. Ibẹ̀ ni a wà lọ́jọ́ kan, Bàbá Tíṣà àti ọkọ mi náà ti wá, tí ìyá ọmọkùnrin ará Ẹ̀fọ̀n fi wọlé, ó gbé ògì dání nínú fílásíìkì. Bàbá Tíṣà dìde. Ó sáré ní, "Ẹ kú ìrìn. Eyín lásán ni, eyín ló dùn ún."

Obìnrin náà wò ó. Ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣe wàhálà. Tèmi ti sọ fún ọmọ mi láti ìgbà tí wọ́n ti gé ọmú ìyá rẹ̀. Ọmọ mi sọ fún mi. Jẹjẹrẹ yìí ló pa ẹ̀gbọ́n mi náà. Ta ni kò ní àìsàn nílé? Ọmọ la wá fẹ́." Ó fa àga, ó jókòó ti Ìbàdíàrán, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìbàdíàrán kò lè sọ̀rọ̀. Omijé ń ṣàn wọ inú báńdéèjì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú bí mi lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo wọ pálọ̀ lọ. Àwọn tí a ń fi í pamọ́ fún ti mọ̀! Ìyàwó tó ń bi í léèrè nìkan ni kò mọ̀. Àṣírí tí gbogbo Ẹ̀fọ̀n ti gbọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ba párì obìnrin jẹ́. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ọwọ́ lu ògiri títí ọwọ́ fi dùn mí.

Ìbàdíàrán wà láyé. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà, ó sì jókòó sípò ìyá. Ẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan jìn wọnú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, kò lè run egungun. Iyán rírọ̀ ló ń jẹ. Ó ní ajá òun ti sanra. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, a jọ máa rẹ́rìn-ín, n ó sì lọ sunkún ní ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ mi ti bẹ̀ mí, mo ti gbà. Inú mi kò tíì rọ̀ tán.

Ẹ wá bi mí pé ṣé iṣẹ́ yìí dára láti kọ́. Ó dára. Ẹ lọ kọ́ ọ. Ẹ ó rí ẹ̀rọ tó ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò ya ẹnu fún yín, wọn kò sì ní sọ òtítọ́. Ẹ bèèrè. Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ tún bèèrè. Bí wọ́n bá ní ìbéèrè yín ti pọ̀ jù, ẹ sọ fún wọn nípa obìnrin kan ní Ìpótì.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí nìkan ló kù. Bàbá Tíṣà ṣubú ní balùwẹ̀, ìbàdí rẹ̀ dá, wọ́n tún un ṣe. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní òògùn tó ń mú egungun le. Mo kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo rí i tó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ìjerò, ó gbá ẹ̀kẹ́ mú. Ọkọ mi fẹ́ dìde lọ bá a. Mo ní kó jókòó.

Bàbá Tíṣà kò jókòó sórí àga tí mo gbé fún un. Ó kọ́kọ́ na nílọ́nù kan sí mi. Òògùn ló kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti egungun, títí kan àgbo inú ìgò tí ó ń mu ní kọ̀rọ̀.

Ó ní, "Gbogbo ohun tí mo ń lò rèé. N ò fi ọ̀kan pamọ́. Eyín mi ń dùn mí, mi ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi hàn ọ́." Ó wá ní, "Ọmọ ulé ni ọ́."

Mo tú nílọ́nù náà sórí tábìlì. Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yẹ orúkọ wọn wò. Mo ń rí Ìbàdíàrán tó kọjú sógiri. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Mo tan iná fóònù mi.

Mo ní, "Ìyàwó ni mí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ya ẹnu yín."